Wérénjéjé

Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wa wà, ní òpópónà Bródì.
Fáànù kò gbọdọ̀ yí, fèrèsé kò gbọdọ̀ ṣí,
torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń gorí Marínà bọ̀
kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n dúró sójú kan.
Nínú òógùn la ti ń wọn òkúta.

Bàbá tó bí bàbá mi, alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ní Láfíájì.
Wérénjéjé ló fi ń wọn wúrà,
ara pupa, ojú dúdú, nínú kòlòbó kan.
Ó ní èso yìí kò mọ olówó, kò mọ olòṣì,
ọ̀kan kì í wúwo ju èkejì lọ.
Irọ́ ni. Mo gbé mẹ́wàá sórí ìwọ̀n wa lọ́kọ̀ọ̀kan,
méjì kò dọ́gba nínú wọn.
Síbẹ̀, kòlòbó náà kì í kúrò nínú àpamọ́wọ́ mi.

Òfin tuntun ti dé, ojú ewé mọ́kànlélógún:
òkúta tútù kan kò gbọdọ̀ wọkọ̀, ì báà ṣe ti omi, ì báà ṣe ti òfuurufú,
láìní ìwé tó dárúkọ kòtò tó ti jáde,
ẹni tó wa á, ọwọ́ kìíní tó gbà á, ọwọ́ kejì;
ká dì í sínú àpótí, ká fi ìda dí ẹnu rẹ̀,
nọ́ńbà lórí ìda.
Ọ̀gá wa kà á sókè bí ẹni ń ké kéwú.
Nígbà tó parí, ó béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi Ìkòròdú ti lọ.

Líàdì dé lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun.
Agolo mílíìkì ọmọdé ló gbé wá.
Ó ti ṣíbí bọ inú mílíìkì náà, ó wa òkúta méjìlá jáde.
Wọn kò tàn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín:
dáyámọ́ńdì tí a kò tíì gé kì í dán.
Álọ́ọ̀mù ló jọ,
àfọ́kù ìgò tí òkun ti lá fún ogún ọdún
kó tó bì í sí etí Tákwà Bè.
Ọ̀kan gbé amọ̀ pupa dání nínú kọ̀rọ̀ ara rẹ̀,
amọ̀ tí kì í ṣe ti ibí.

“Ẹ bá mi kọ Nàìjíríà sí i,” ni Líàdì wí.
“Ìlú wo ni kò ní kòtò?”
Ó ti àpòòwé kan bọ abẹ́ ìwé mi.
Ó ní àwọn kan wà ní pápákọ̀ òfuurufú
tí gègé wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Mo tẹjú mọ́ èyí tó gbé amọ̀ dání.
Níbo lo ti wá?
Ta ló wa ọ́?
Ṣé ó ṣì wà?
Àmì orí lásán ló ya ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀.
Èdìdì náà kò ju àmì orí lọ. Ohun kékeré.
Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè ka òkúta mọ́.

Mo wọ̀n wọ́n: káràtì mẹ́tàdínlógójì ó lé díẹ̀.
Níbi tí wọ́n ní ká kọ kòtò sí, mo kọ: A kò mọ̀.
Níbi orúkọ awakùsà, mo kọ: A kò mọ̀.
Mo dá àpòòwé padà láìwo inú rẹ̀.
Irọ́ ni. Mo wò ó. Owó ilé ọdún méjì wà níbẹ̀.
Mo yọ́ ìda pupa sẹ́nu àpótí, mo lu òǹtẹ̀ lé e.

Líàdì rẹ́rìn-ín, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta omi tútù.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí fóònù ọ̀gá fi dún.
“Sìkírátù, gbé àpótí yẹn wọlé wá.”

Mo ṣí fèrèsé.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọlé, abẹ́rẹ́ ń mì sọ́tùn-ún, sósì.
Ìda náà kò tíì tutù tán.
Mo fi ọwọ́ bò ó, mo dúró.